A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Òfin Tuntun lórí Wíwá sí Ilé-Ìwé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí ilé-ìwé yóò ṣe máa ka iye ọmọ tó wá àti iye tí kò wá, àti lórí ohun tí ìjọba yóò ṣe fún òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń pa ilé-ìwé jẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin náà wà fún. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ìlànà tiwọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá, nítorí pé láti Peckham àti Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù títí dé Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Oòduà tó wà ní Bìrìtéènì fi ṣe ibùgbé.

Apá méjì ni òfin náà ní. Apá kan ń ka àwọn ọmọ, ó sì ń béèrè ìdí tí wọn kò fi wá. Apá kejì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ òbí. Apá àkọ́kọ́ dára, ó sì yẹ kí òbí fara mọ́ ọn. Apá kejì ni ó ń kọni lóminú, nítorí pé àwọn tí owó ìtanràn ń bá jù lọ kọ́ ni àwọn tí ìṣòro náà wà lọ́dọ̀ wọn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin náà sọ. Gbogbo ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa kọ rẹ́jísítà sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń pe orúkọ, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ìdajì ọjọ́. Bí ọmọ kò bá sí níbẹ̀, ilé-ìwé kò lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àmì tó fi ìdí rẹ̀ hàn. Àmì I dúró fún àìsàn. G dúró fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́ tí ilé-ìwé kò fọwọ́ sí. U dúró fún ọmọ tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pa rẹ́jísítà dé. N dúró fún ọmọ tí a kò tíì mọ ohun tó dá a dúró, N yìí kò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ju ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ 5 lọ. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ wádìí, kí wọ́n sì kọ ìdí gan-an sílẹ̀. Ọdún 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ ọdún 3 tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó sì ń lọ sọ́dọ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba.

Ní ti owó ìtanràn, bí ọmọ bá pa ìdajì ọjọ́ 10 jẹ láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ 10, ìyẹn odindi ọjọ́ 5, ilé-ìwé gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò bóyá kí wọ́n bu owó ìtanràn lé òbí rẹ̀ lórí. £60 ni owó náà tẹ́lẹ̀. Ó ti di £80 fún ẹni tó bá san án láàárín ọjọ́ 21, àti £160 fún ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 28. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún 3, £160 ni lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ̀dínwó. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí owó ìtanràn mọ́. Ilé-ẹjọ́ ni ó sábà máa ń kàn, níbi tí owó náà ti lè di £2,500. Òbí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bu owó yìí fún, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ èyí ni pé bàbá àti ìyá tó mú ọmọ méjì rin ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan láìgbàṣẹ yóò san £320. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, £640 ni.

Kí ló fa irú òfin líle báyìí? Ìdí gidi wà fún un. Ọjọ́ 190 ni ọmọ ń lò nílé-ìwé lọ́dún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá pa ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ, ìyẹn bí ọjọ́ 19, ni ìjọba ń kà sí ẹni tó ń pa ilé-ìwé jẹ lemọ́lemọ́. Bí ọmọ bá gba 90 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò, ijó ni òbí rẹ̀ yóò máa jó. Ṣùgbọ́n ìdá 90 nínú wíwá sí ilé-ìwé túmọ̀ sí pé ọmọ náà kò sí nínú kíláàsì fún ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì méjì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ẹ̀kọ́ ìṣirò kì í dúró de ẹni tí kò wá. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ Ajé ni wọn yóò fi kọ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2018/19, kí àrùn kòrónà tó dé, ìdá 10.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó wà nínú ipò yìí. Ní 2021/22, lẹ́yìn tí àrùn náà ti ti ilé-ìwé pa lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di ìdá 22.5. Ní 2023/24, ó ṣì wà ní ìdá 20, ìyẹn ọmọ kan nínú márùn-ún. Ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé yóò tán pẹ̀lú àrùn náà kò tán. Kò sí ìjọba tó lè rí irú nǹkan yìí kó káwọ́ gbera.

Nítorí náà, kíkà tí wọ́n ń kà dára. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní àtijọ́, ilé-ìwé lè má fura pé ọmọ kan ń sọnù díẹ̀díẹ̀ títí táàmù yóò fi parí, nítorí pé ọjọ́ kan lónìí, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í dùn ún wò lójú. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà yóò ṣí ojú olùkọ́ sí i ní kíá pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ yìí kì í wá, tàbí pé láti ìgbà tó ti bọ́ sí kíláàsì keje ni ó ti ń ṣàìsàn ní àràárọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé, ọmọ tó ń tọ́jú ìyá tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ ní ojú ọ̀nà, àyè òfìfo inú rẹ́jísítà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ní kí ìjọba má kà á ń ní kí wọ́n pa ojú dé ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti owó ìtanràn. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2022/23, nǹkan bí 399,000 ìwé ìtanràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2023/24, ó ti gòkè dé nǹkan bí 487,000. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ ti ìrìn-àjò ìgbafẹ́ tí ilé-ìwé kò fọwọ́ sí. Kí ènìyàn ro èyí dáadáa. Ọmọ tó bá òbí rẹ̀ lọ sí etíkun Spain fún ọ̀sẹ̀ kan kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ ibi tó wà, ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò padà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti wà lórí ìjókòó rẹ̀. Làpálàpá ni ìyẹn. Ẹ̀tẹ̀ ni ọmọ tó ti ń pa ìdajì táàmù jẹ, tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ní àràárọ̀, tí ẹ̀rù ilé-ìwé ti mú débi pé inú ń run ún gan-an bí aago méje bá lù.

Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ èyí. Ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé kí ilé-ìwé kọ́kọ́ fetí sí òbí àti ọmọ, kí wọ́n mọ ìdí, kí wọ́n ṣe ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìyà. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà gbà pé ìrìn-àjò ìgbafẹ́ kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan, nítorí náà owó ìtanràn lè tẹ̀ lé e ní tààrà. Ibẹ̀ ni ìdí iye gọbọi yẹn wà. Ìwé ìtanràn lórí ìrìn-àjò rọrùn láti kọ: àmì G wà nínú rẹ́jísítà, ọjọ́ 5 pé, lẹ́tà jáde. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ń fẹ́ olùkọ́ tó ráyè, onímọ̀ nípa ọpọlọ tó ráyè, àti oṣù mélòó kan. Òfin lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣèpàdé lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi àṣẹ dá dókítà tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé nítorí pé owó tó ń wọlé fún òbí wọn kéré ni ó ń pa ilé-ìwé jẹ lemọ́lemọ́ jù; ìdá tiwọn ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn tí nǹkan le fún. Nígbà tí £80 bá kan ilé ọlọ́rọ̀, wọn yóò kà á mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì tó gbówó lórí ní àkókò ìsinmi lè ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nígbà tó bá kan ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé àwọn arúgbó, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ìyà tó jẹ́ pé ẹni tó lè san án kò ka á sí, tí ẹni tó sì ń ká lára kò ní agbára láti yí ohun tó fà á padà, kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Àwọn kan yóò sọ pé láìsí owó ìtanràn, gbogbo òbí ni yóò máa ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfo. Bí ọmọ mẹ́fà bá lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, tí mẹ́rin mìíràn lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, olùkọ́ ni yóò máa tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́, àwọn ọmọ tó wà níjòókòó ni yóò sì máa dúró. Ó tún dára pé iye kan náà ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ń lò báyìí, nítorí pé tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ bu owó ìtanràn ní àdúgbò kan lè lọ láìsí ìyà ní àdúgbò kejì. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà ti sọ ti rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, nínú ẹjọ́ Jon Platt, bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ sí Florida nígbà tí ilé-ìwé wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn adájọ́ pinnu pé wíwá sí ilé-ìwé déédéé túmọ̀ sí wíwá ní ìbámu pẹ̀lú òfin ilé-ìwé, kì í ṣe wíwá lọ́pọ̀ ìgbà. Àríyànjiyàn òfin parí síbẹ̀. Ohun tí kò tíì parí ni bóyá ìyà náà ń mú ọmọ padà sí kíláàsì. Bí owó ìtanràn bá ń dẹ́rù ba òbí tó bó ṣe yẹ, kò yẹ kí iye ìwé ìtanràn máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Ìtàn pàápàá lè kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún 1880 ni òfin ti sọ lílọ sí ilé-ìwé di dandan fún ọmọ ọdún 5 sí 10 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kan ilẹ̀kùn láti wá ọmọ tí kò wá. Ní ọdún 2002, ilé-ẹjọ́ rán ìyá kan ní Banbury lọ sí ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 60 nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń pa ilé-ìwé jẹ. Ìyà kì í ṣe ohun tuntun, ìṣòro náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Nílé, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbà. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé ohun tó lé ní 811,000 ní ọdún yẹn. Ohun tó ń dá àwọn ọmọ náà dúró ni owó ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba mú un kúrò, àwọn ọmọ wá. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2004, òfin àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ sọ pé òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé yóò gba ìbáwí ní ẹ̀ẹ̀kíní, yóò san ₦2,000 tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù kan ní ẹ̀ẹ̀kejì, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún un. Síbẹ̀, àjọ UNICEF sọ pé mílíọ̀nù 10.5 ọmọ ọdún 5 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò sí nílé-ìwé. Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì hàn kedere: ọ̀kan wá ohun tó dí ọ̀nà, ó sì mú un kúrò, èkejì kọ iye ìyà sínú ìwé.

Ní ti àwọn òbí Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti dé, àìmọ̀ kò sì ní gba ẹnikẹ́ni. Bí òbí tàbí ìyá àgbà bá kú ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tí ọmọ yóò bá wọn lọ sìnkú, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n sọ ẹni tó kú, ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ tí ọmọ yóò lọ àti ọjọ́ tí yóò padà. Ọ̀gá àgbà ní àṣẹ láti fọwọ́ sí i bí ó bá rí i pé ọ̀ràn àrà ọ̀tọ̀ ni, òun náà ni yóò sì sọ iye ọjọ́. Ìsìnkú lè wọ inú èyí. Ìgbafẹ́ kì í sábà wọ̀ ọ́. Ohun tó burú ni kí òbí sọ pé inú ń run ọmọ, kí fọ́tò ọmọ náà nínú aṣọ ẹbí sì wà lórí Facebook lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ kò bá tíì padà lẹ́yìn ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ 10 sí ọjọ́ tí wọ́n fún un, tí wọ́n wá a tì, orúkọ rẹ̀ lè kúrò nínú rẹ́jísítà, àyè rẹ̀ sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ti ọjọ́ ọdún ẹ̀sìn, bí ọdún Iléyá àti ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, àmì tirẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí òbí ṣáà sọ fún ilé-ìwé ṣáájú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ọmọ tí kò lè lọ. Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ni kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ pé ọkàn ọmọ kò balẹ̀, tàbí pé ọmọ ní àìlera kan tí kò hàn sójú. Ìtìjú ń dé ẹnu pa, wọn yóò ní ọ̀lẹ ni ọmọ náà, tàbí kí wọ́n gbé e lọ fún àdúrà nìkan. Lábẹ́ òfin tuntun, ìdákẹ́ yìí léwu. Ọmọ tí ilé-ìwé kò mọ ìdí àìwá rẹ̀ ni wọn yóò kọ sílẹ̀ pé ó ṣàìwá láìgbàṣẹ, àti pé láti ibẹ̀ ni ọ̀nà lọ sí owó ìtanràn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kíákíá, tó lọ rí dókítà, tó kọ lẹ́tà, tó sì tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, ni ilé-ìwé ní ojúṣe láti bá wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ “mi ò jẹ”.

Ìjọba náà ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Iye ìwé ìtanràn tó jáde kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n fi mọ̀ bóyá òfin yìí ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe iye ọmọ tó padà. Kò yẹ kí ìwé ìtanràn kankan lọ sí ilé ọmọ tó ń pa ilé-ìwé jẹ lemọ́lemọ́ àyàfi bí ilé-ìwé bá lè fi hàn pé wọ́n mọ ìdí, àti pé ẹnì kan pàtó ti gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Bákan náà, níbi tí òbí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jinlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un kí àkókò £80 tó kọjá.

Rẹ́jísítà lè sọ ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ pé ọmọ kan kò wá. Ìwúlò rẹ̀ wà nínú ẹni tó gbé fóònù ní agogo mẹ́wàá láti béèrè pé kí ló dé. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà owó ìtanràn nìkan ni ìdáhùn sí ìbéèrè náà, ọmọ tó lọ sí etíkun yóò ti padà dé, ọmọ tó wà lórí ibùsùn yóò sì ṣì wà níbẹ̀.